Orrin Tveit àti Téṣàn Tó Rì Sẹ́nu Ọ̀nà Oko

Lọ́jọ́ tí Orrin Tveit gbé téṣàn rélùwéè gba ojú títì, inú téṣàn náà ló jókòó sí. Wọ́n fẹ́ wó ilé onípákó náà, ni Orrin bá gbé e lé orí táyà, ó ń gbé e lọ sí ọgbà ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Velden. Lavonne, ìyàwó rẹ̀, ń wakọ̀ bọ̀ lẹ́yìn, ó ń gbàdúrà. Ẹnu ọ̀nà oko Gerhard Klassen ni táyà ti rì sínú ẹrẹ̀.

Gerhard sáré dé. "Orrin! Gbé ilé radaràdà yìí kúrò! Mò ń lọ sílùú!"

Orrin yọjú lójú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì, fìlà ọ̀gá téṣàn lórí. "Ọkọ̀ ìlú ti lọ, bàbá. Wọlé, kí o jókòó de òmíràn."

Káńsù ní tí ilé náà bá wà lójú títì di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn á fi katakata fọ́ ọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù gba àárín oko àlìkámà Gerhard.

"Gerhard," ni Orrin wí, "ṣebí lórí bẹ́ǹṣì téṣàn yìí lo ti ní kí Hulda fẹ́ ọ?"

"Ó sì kọ̀! Ẹ fọ́ ọ!"

"N ò kọ̀," ni Hulda wí lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. "Mo ní kó lọ wẹ̀ ná. Gerhard, ṣí géètì."

Nígbà tí téṣàn gba oko náà dé ọgbà, Milo Havlik, alága ọgbà, fẹ́ kùn ún ní funfun. Orrin ní àwọ̀ ìyeyè àtijọ́ ni, èyí tó jọ ìgbẹ́ ọmọ jòjòló. Ó ní kí Milo wọnú ilé ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tó wà nínú ọgbà, kó bá òun wò ó bóyá àgádágodo rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́. Láti ẹ̀yìn irin ni Milo ti ké pé àtikékeré lòun ti fẹ́ràn ìyeyè.

Orrin kú lọ́dún yìí, bí yìnyín ṣe ń yọ́. Kò pẹ́, ìjì ṣí òrùlé téṣàn. Milo ní tí kò bá sẹ́ni tó máa tún un ṣe, òjò á jẹ ilé náà tán. Bí Lavonne ṣe gbọ́, ó wakọ̀ lọ sí ọgbà.

Nígbà tó débẹ̀, ó bá Gerhard lórí òrùlé, òòlù lọ́wọ́.

"Wo ìṣó tí ọkọ ẹ kàn! Ṣé ojú oorun ló ti kàn án ni? Olóríkunkun! Ó kú tán, ó tún sọ mí di lébìrà!"

Lavonne di àkàbà mú. Ìṣó kan, èébú kan. Nígbà tí Gerhard dákẹ́ láti mí, obìnrin náà gbójú sókè.

"Gerhard, jọ̀ọ́, máa bú u lọ."