Ta Ló Pọn Délé?

Ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí ní òpùrọ́. Mo kàwé dé Fọ́ọ̀mù Fáìfù, èmi kì í sì í ṣe ẹni tí aṣọ tó ń fẹ́ lórí okùn ń dẹ́rù bà. Inú yàrá mi ní Sabon Gari, lókè Ọya, ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, lọ́dún tó kọjá, nígbà tí a ṣì ń tò láti ra mílíìkì ọmọ.

Délé, àkọ́bí mi, kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Lóru, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ á yí sókè. Àwọn kan ní gìrì ni, àwọn kan ní wárápá. Oògùn tí wọ́n fún un nílé ìwòsàn sọ ọ́ di ọmọ tí kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Á kàn jókòó, itọ́ á máa ṣàn. Ọmọ tó ti ń kí gbogbo ilé ní "sannu, sannu" kó tó mọ "màmá" í pè.

Dókítà kan wà níbẹ̀, ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú tí kò dàgbà jù mí lọ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé. Ó ní kí òun tó fi kún oògùn náà, òun fẹ́ mọ bí ọmọ ṣe ń gbọ̀n tó gan-an. Ó de nǹkan kan bí aago mọ́ ọn lọ́wọ́, aago tí kò lójú. Bí ọwọ́ ọmọ bá ṣe ń mì, inú rẹ̀ ló ń kó o pamọ́ sí. Wọ́n á wá fi ẹ̀rọ yọ ọ́ sórí bébà.

Nígbà tí a padà lọ, ó tẹ́ bébà náà síwájú mi. Ó ní gbígbọ̀n máa ń ga ṣóńṣó lójijì, á sì wálẹ̀. Kò sí irú èyí rárá nínú bébà Délé. Ìlà tó rí wéréwéré bí omi tí atẹ́gùn rọra ń fẹ́ ló wà láàárín òru, ó sì gùn.

Ó tọ́ka sí ibòmíràn tó rí bákan náà. "Ọ̀sán nìyí. Kí lẹ ń ṣe?"

"Mo pọ̀n ọ́n lọ sọ́jà ni."

Ó wojú mi. "Ẹ pọ̀n ọ́n lóru náà nìyẹn."

Mo ní n kò dìde. Bàbá Délé, tó ń wa tírélà, wà lọ́nà Èkó. Èmi àti ọmọ nìkan la wà ní yàrá, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Kò bá mi jiyàn. Ó ní àwọn kan wà tó máa ń rìn lójú oorun, tí wọn kò ní mọ̀. Ó de òmíràn mọ́ èmi náà lọ́wọ́. "Ìyá àtọmọ," ó rẹ́rìn-ín, "a ó mọ ẹni tó ń rìn nínú yín."

Ká sòótọ́, mo ń fẹ́ kó jẹ́ èmi.

Lóru ọjọ́ náà mo gbọ́ tí ẹkún Délé bẹ̀rẹ̀, tó sì dákẹ́. Mo yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ìyá wo ni kì í dúpẹ́ bí ẹkún bá dákẹ́?

Ìpè sààrì ló jí mi. Ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo fọwọ́ kàn án. Àyà àti ikùn rẹ̀ gbóná, ó rin fún òógùn, bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tirẹ̀ gbẹ, ó tutù. Ilà aṣọ wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ilà òfì tó nípọn. Ẹ gbà mí gbọ́, kò sí òfì kankan ní yàrá mi. Ànkárá ni mo ró sùn.

Mo jáde sí ẹnu ẹ̀rọ omi. Ìyá Ràfíù, aládùúgbò wa, ń ṣe àlùwàlá níbẹ̀.

"Màmá Délé, o ti ba ọmọ yìí jẹ́," ni wọ́n wí. "Ṣé gbogbo òru lèèyàn ń pọn ọmọ ni? Ẹ̀yìn ò dùn ẹ́?"

Mo sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ rí mi ni, mà?"

"Mo rí ẹ̀yìn ẹ àti orí ọmọ lójú fèrèsé yàrá ẹ. Mo kí ẹ, o ò dáhùn. Mo ní oorun ló ń kùn ẹ́."

"Aṣọ wo ni mo fi pọ̀n ọ́n?"

Wọ́n gbé bútà omi àlùwàlá kalẹ̀. Wọ́n wo ànkárá mi láti òkè dé ilẹ̀. Àdúà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lábẹ́ ẹnu.

Ní ilé ìwòsàn, bébà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má mì rárá láàárín òru. Ti Délé ń lọ wéréwéré.

Dókítà gbé bébà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Bàbá ọmọ ti dé ni?"

"Rárá."

Ó ká bébà tèmi. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ kò gbọ̀n. A ó dín oògùn kù."

Délé ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ó tún ti ń kí wọn ní sannu.

Ìyá mi wà láyé. Ìyá ọkọ mi wà láyé. N kò mọ òkú kankan tí mo jẹ ní gbèsè ọmọ. Ọkọ mi ti rí yàrá mìíràn ní àdúgbò Brigade, ó ní ká kó kúrò kíákíá, n kò sì tíì di ẹrù. Bí ẹni tó ń pọn Délé bá tẹ̀ lé wa, kí ló ń tẹ̀ lé wa? Bí kò bá sì tẹ̀ lé wa, ṣé ọmọ mi ò ní tún máa gbọ̀n? Mo kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, n kò mọ èwo ni kí n béèrè.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, bí ọmọ yín bá ń sunkún lóru, tó dákẹ́ kí ọwọ́ yín tó kàn án, ẹ má pariwo, ẹ má sì béèrè pé ta ni. Ẹ ní sùúrù. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ ọmọ yín kalẹ̀.