Ilẹ̀kùn Wa Lẹ́nu Ilé Ẹlòmíràn

Ilé tí mo ń jowú wà ní iwájú ilé wa gan-an, ní Bẹ́yẹrúnkà. Tí mo bá jí láàárọ̀ tí mo ṣí fèrèsé, òun lojú mi kọ́kọ́ ń rí: pẹ́tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, òpó rìbìtì níwájú, bákónì onígi tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lára, àti páànù tó ti dípẹtà títí tí àwọ̀ rẹ̀ fi jọ ti obì. Tiwa ńkọ́? Ògiri búlọ́ọ̀kù tó tẹ́ pẹrẹsẹ, fèrèsé onígíláàsì, ilẹ̀kùn onírin. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí Mọ́lété tí ilé ìgbàlódé pọ̀ sí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí.

Obìnrin tó ni ilé iwájú yẹn àti èmi jọ dàgbà ni. Ilé-kéwú kan náà la lọ, ẹ̀rọ omi kan náà la sì ti ń pọnmi. Bàbá rẹ̀ ló fi ilé sílẹ̀ fún òun àti àwọn àbúrò rẹ̀, àwọn àbúrò sì ti kọ́lé sí ẹ̀yìn ìlú, ló bá ku òun nìkan. Ó ti lọ sí Mẹ́kà, nítorí náà Àlhájà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń wúwo lẹ́nu mi.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni àwọn olùkọ́ kan láti yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí òpópónà wa. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ ìtàn àwọn ilé àtijọ́ kí wọ́n tó wó tán. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dé, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, yàrá iwájú ilé wa tí mo ti ń ta ọṣẹ àti mílíìkì. Ọmọbìnrin kan láàárín wọn yà sọ́dọ̀ mi, ó kúnlẹ̀ kí mi. Inú mi dùn. Mo ti ń nu àga tí màá fún un.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa sún agboòrùn yín sẹ́yìn díẹ̀. Ó ń dí ilé iwájú yẹn lójú nínú fọ́tò wa."

Mo sún un. Kí ni ǹ bá ṣe?

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ti dé, bákónì ni Àlhájà máa ń mú wọn lọ, á gbé sóbò tútù fún wọn, á wá máa sọ̀tàn. Òpópónà wa kò fẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ lókè yẹn ló ń bọ́ sí mi létí níbi tí mo jókòó sí. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tó ní, "Ilé yìí ni pẹ́tẹ́ẹ̀sì tó kọ́kọ́ wà ní gbogbo ibí."

Irọ́ ni! Ilé tiwa ló kọ́kọ́ wà. Bàbá bàbá mi ta kòkó, ó lówó lọ́wọ́, ó wá ránṣẹ́ pe mọlémọlé kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà, àwọn tó ti oko ẹrú padà sí Èkó. Nígbà tí ọkùnrin náà ń ṣiṣẹ́, bàbá bàbá Àlhájà a máa wá dúró lápá kan, á máa wò. Nígbà tí ọwọ́ òun náà wá ba nǹkan, mọlémọlé kan náà ló pè. Ìyá bàbá mi kì í sọ ìtàn ilé wa kó má dé orí èyí. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé òjò ló wó iwájú ilé wa, ni bàbá mi fi búlọ́ọ̀kù tún un kọ́. Ṣùgbọ́n ta ni màá sọ fún? Ẹni tó bá wo ilé wa báyìí, á rò pé orí mi ti dàrú.

Àbúrò bàbá mi obìnrin ló wá bu epo síná owú mi. Ó ti dàgbà gan-an, Ìyá ni gbogbo wa ń pè é, ẹ̀gbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù ló sì máa ń jókòó lọ́sàn-án. Àwọn àlejò yẹn tún dé, wọ́n sì dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn Àlhájà. Ilẹ̀kùn ìrókò ńlá alápá méjì ni, ẹyẹ méjì tó kọjú síra wà lára rẹ̀, ewé sì yí wọn ká. Wọ́n ń yà á ní fọ́tò, wọ́n ń fọwọ́ pa á, wọ́n ń mí kanlẹ̀.

Ìyá ní, "Ilẹ̀kùn wa ni wọ́n ń yà yẹn."

"Ilẹ̀kùn wa báwo, Ìyá?"

"Ilẹ̀kùn ilé yìí. Nígbà tí bàbá rẹ wó iwájú ilé, bàbá Àlhájà ló gbé e lọ. Ọmọdé ni ọ́, eré lò ń ṣe kiri, o ò fiyè sí i."

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mi ò wọ bàtà, mi ò ti ṣọ́ọ̀bù, mo kàn rí ara mi láàárín àwọn àlejò yẹn ni. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ o. Ilé tiwa ni wọ́n ti gbé ilẹ̀kùn yìí."

Gbogbo wọn yíjú padà. Wọ́n wo Àlhájà. Mo dúró de kó sẹ́, nítorí tó bá ṣe pé ó sẹ́, à bá jà lọ́jọ́ náà dé Ọjà'ba.

Ó ní, "Òótọ́ ló sọ. Ilé wọn ló ti wá. Bàbá wọn ní kí wọ́n fi dáná, bàbá mi ló bẹ̀ ẹ́ kó fún òun."

Ìjà tí mo gbé wá kò ríbi jókòó sí. Ọmọbìnrin ìjọsí yẹn wá bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ṣé ẹ ní fọ́tò ilé yín ti tẹ́lẹ̀, mà?" A ò ní. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Mo sọ fún Ìyá pé irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ bàbá mi. Ta ni yóò gbé irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀ kó ní kí wọ́n fi dáná? Ìyá sún àga rẹ̀ mọ́ mi. Ó ní ọ̀rẹ́ bàbá mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba kọ́lé sí Òkè Bọ́lá nígbà náà, ilé búlọ́ọ̀kù, fèrèsé onígíláàsì. Bàbá mi lọ bá a ṣe ìkómọ níbẹ̀. Nígbà tó dé, kò jẹun. Ó dúró síta, ó ń wo ilé bàbá rẹ̀ bí ẹni ń wo aṣọ àkísà, ó ní ojú ń ti òun láti mú èèyàn gidi wá síbẹ̀. Kò pẹ́ ni bíríkìlà dé.

Ìyá ní, "Òjò kọ́ ló wó iwájú ilé wa, ọmọ mi. Owú ni. Ìwọ náà sì jọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ti agboòrùn lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Àlhájà wá bá mi. Kò jókòó. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, tí ẹ bá fẹ́ ilẹ̀kùn yín, ẹ wá gbé e."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Èmi náà ò sì ṣe bí ẹni tí kò fẹ́. Mo ránṣẹ́ pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ó wọn ilẹ̀kùn níbẹ̀, ó wá wọn ẹnu ọ̀nà tiwa, ó mi orí. Ẹnu ọ̀nà tí bàbá mi ṣe kéré sí i lókè, ó kéré sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó ní, "Mà, tí a bá gé ibí yìí kó lè gbà á, yàrá òkè á jókòó lé yín lórí."

Èrò kan sọ sí mi lọ́kàn: kí n gbé e náà, kó fẹ̀yìn ti ògiri nínú yàrá, kí ilé iwájú ṣáà má ní i mọ́. Mo tilẹ̀ tún sọdá lọ síbẹ̀ pẹ̀lú èrò yẹn. Àlhájà ti kó àga kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró dè mí. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà. Ó tutù, ó ń dán. Láti kékeré ni mo ti ń rí wọn, ìyá rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, òun náà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń fi epo pa á kí ẹ̀rùn tó dé, mi ò sì bèèrè rí pé kí ni wọ́n ń dáàbò bò. Ní ilé tiwa, eérú ni ì bá ti dà.

Mo ní, "Jẹ́ kó wà."

Nígbà tí àwọn olùkọ́ yẹn tún padà wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ ìtàn bàbá bàbá mi lẹ́nu èmi gan-an. Bákónì Àlhájà ni wọ́n gbé àga sí. Mi ò gun òkè yẹn rí láti ìgbà tí a ti lọ sílé ọkọ, tèmi-tirẹ̀, kí oníkálùkù tó padà sílé bàbá rẹ̀. Mo sọ ti kòkó, mo sọ ti mọlémọlé, mo sì sọ ẹni tó ń wá dúró wòran. Àlhájà kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ló wá bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, "O mọ̀ pé mo bá bàbá mi jà lórí ilé yín? Ìgbà tí bàbá yín kọ́ iwájú yẹn tán, tí oòrùn bá ti ń ta sára gíláàsì yín, ẹkún ni mo máa ń sun. Mo ní kí bàbá mi wó tiwa náà, kí àwa náà dà bí èèyàn. Ó nà mí."

Mo ní, "Ìwọ? O jowú wa?"

"Mo jowú yín débi pé mi ò bá ẹ ṣeré mọ́. Ṣé o ti gbàgbé ni?"

Mo wo ilé wa láti òkè ibẹ̀: ògiri pẹrẹsẹ, ilẹ̀kùn onírin, agboòrùn mi tí mo sún sẹ́yìn. Inú mi dùn débi pé ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ tì mí. Mo ní kó tún un sọ, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti ń sunkún.

Ó tún un sọ.