Àlejò Kì Í Sanwó Oorun

Ọkùnrin tó fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí kajú sí Kambolé, ìlú wa, ti Sokodé wá láàárọ̀, ó sì padà sí Sokodé nírọ̀lẹ́ láì fojú kan ilẹ̀ tó wá wò. Kò sẹ́ni tó lé e. A kàn ṣe é lálejò ni.

Èmi ni mo mú un wá. Iṣẹ́ mi ní mérì, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú, ni láti pàdé ẹni tó bá fẹ́ dá òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kí n mú un mọ àwọn onílẹ̀, kí n sì rí i pé ìlú kò sú u kó tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ìlú kò sú u, iyán ló sú u. A kí baálẹ̀, a jẹ iyán. A kí lèmọ́mù, a tún jẹ iyán. Nígbà tí a fi máa dé ilé bàbá mi, ọkùnrin náà ti ń tú bẹ́líìtì rẹ̀.

Bàbá mi ní, "Ẹ jókòó dáadáa. Ta ló ń lé yín?"

Oòrùn tó ń wọ̀ ló ń lé wa. Mo ní kí àlejò mi sùn, kí a lọ wo ilẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó bi mí pé òtẹ́ẹ̀lì dà. Mo ní kò sí, pé yàrá àlejò bàbá mi ló wà. Ó wo àgbàlá wa tó kún fún èèyàn àti ewúrẹ́, ó ní òun ní iṣẹ́ tí òun fẹ́ ṣe lálẹ́, ó sì wọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Láti ìgbà tí àwọn olóbì Haúsá ti ń gba ìlú wa kọjá ni ilé wa ti jẹ́ ilé àlejò. Ẹni tó bá sùn níbẹ̀ kì í san kọ́bọ̀. Máìgídá ni àwọn Haúsá ń pe irú bàbá mi, ẹni tó ń gba àlejò sílé, bàbá mi sì fẹ́ràn orúkọ yẹn ju èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Mẹ́múnà wá sí ọ́fíìsì mi. Ọmọ Kambolé ni, àmọ́ láti ìgbà tó ti kúrò ní iléèwé ló ti ń tọ́jú yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Kouloundè, ní Sokodé. Ó fẹ́ kọ́ ilé ibùsùn kékeré kan fún àwọn àlejò sórí ilẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Inú mi dùn débi pé mo dìde fún un lórí àga mi. Mérì fọwọ́ sí i. Àwọn àgbà ló kù, torí bí wọn kò bá gbà, kò sí bíríkìlà kan nílùú tí yóò dé ibẹ̀.

Mẹ́múnà sọ fún mi pé, "Bùrọ̀dá Sàlíù, bí wọ́n bá kọ̀, mi ò ní padà wálé mọ́. Mi ò lè máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì oníbẹ́ẹ̀dì títí n ó fi darúgbó."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, àwọn àgbà péjọ sí àgbàlá wa. Bàbá mi kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn.

"Kí àwọn ará Bago wá gbọ́ pé ní Kambolé, àlejò ń sanwó oorun? Wọn á ní èèyàn ti tán níbí."

Mẹ́múnà wà lórí ìkúnlẹ̀. "Baba, mi ò gba àlejò yín lọ́wọ́ yín."

"O ò gbà á. Títà lo fẹ́ tà á."

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Mo sọ ti ọkùnrin oníkajú, mo sọ ti àwọn mìíràn tó ti wá tí wọn kò padà wá. Bàbá mi fetí sí mi parí, ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ wa, á sùn lọ́dọ̀ wa. Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè."  A kì í bá bàbá ẹni jiyàn lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mẹ́múnà ti ń wá bàtà rẹ̀.

Ìyá mi ló ń bu omi fún àwọn àgbà mu. Ó gbé korobá sílẹ̀.

"Baba Sàlíù, ẹ parí òwe yẹn fún wa. Ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Ta ló ń san án?"

Ó kọjú sí àwọn àgbà yòókù.

"Láti ìgbà tí mo ti wọlé yìí, èmi ni mò ń jí láàárọ̀ gbé omi ìwẹ̀ wọn kaná. Èmi ni mò ń gún iyán wọn. Mi ò ráhùn rí, mi ò sì ní ráhùn lónìí. Àmọ́ ẹ má ṣe pè é lọ́fẹ̀ẹ́."

Ó gbé korobá rẹ̀, ó wọlé.  Ojú tì mí, nítorí inú ilé yẹn ni wọ́n bí mi sí, n kò sì fìgbà kan rò ó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, bàbá mi ní kí Mẹ́múnà kọ́lé rẹ̀, ṣùgbọ́n kí àlejò kọ́kọ́ wá kí òun, kó mu omi òun, kó tó lọ sanwó oorun níbòmíràn. Èmi náà yára fi kún un pé kí iyán má kọjá ilé kan ṣoṣo lóòjọ́. Wọ́n gbà. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe ní mérì, òfin iyán yẹn ni mo fi ń yangàn jù.

Ọkùnrin oníkajú padà wá, ó sùn, ó sì rí ilẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ ti dúró báyìí, àwọn ará Goubi ń fi ọ̀kadà kó kajú wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni àlejò àkọ́kọ́ Mẹ́múnà. Nígbà tí ilé rẹ̀ parí, ó wá kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, ó ní òun fẹ́ kí ìyá mi wá ṣí i fún òun.

Bàbá ní, "Kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ó fẹ́ sùn ni, Baba."

Ìyá lọ sùn síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá rán mi pé kí n lọ mú un wálé, pé omi ìwẹ̀ òun kò tíì gbóná. Mo bá Ìyá lórí ìjókòó létí bẹ́ẹ̀dì. Korobá omi gbígbóná kan wà lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ooru ń jáde lára rẹ̀. Kò tíì fọwọ́ kàn án. Mo bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá.

Ó ní, "Ara mi le. Mò ń wò ó ni. Wọ́n gbé e wá fún mi."

Mo ní kó máa rọra wẹ̀. Mo padà sílé, mo dáná, mo sì gbé omi Bàbá kaná.