Ọmọ Màlúù Tí N Kò Kọ Sínú Ìwé

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ rẹ́jísítà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì sí olùyẹ̀wò kan tó rí ibi tí mo ti fi rọ́bà pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ tó dáa tí kò lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ìyà ń jẹ ẹ́ ni. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ta omi inú ọ̀rá, tí àwọn mìíràn jókòó ti káàdì fóònù, èmi ń wá nǹkan tí n óò tún máa kọ rẹ́jísítà rẹ̀. Màlúù ni mo rí.

Kì í ṣe màlúù funfun gàgàrà oníké tí ẹ máa ń rí lójú títì. Ńdámà ni tèmi. Ó pupa, ó kúrú, kò níké, ìwo rẹ̀ tẹ̀ wá síwájú. Àìsàn tí eṣinṣin igbó ń kó ran màlúù kì í tètè pa á, ẹran ara rẹ̀ sì kún dáadáa. Lọ́jọ́ tí mo kó mẹ́rin àkọ́kọ́ wálé, abo mẹ́ta àti akọ kan, àwọn ará àdúgbò mi ní Ìlọ́bù rẹ́rìn-ín títí. Ẹnì kan bi mí pé ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ di ewúrẹ́ ni àbí wọ́n ti dà á tán. Mo mọ ohun tí mo rà. Ojúlówó ni wọ́n, ìwé wọn sì wà lọ́wọ́ mi.

Ìwé yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Àwa tó ń sin Ńdámà tí kò ní àdàlù ní ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ náà sì ní ìwé ńlá kan tí wọ́n ń kọ gbogbo màlúù tó bá jẹ́ ojúlówó sí. Kí wọ́n tó kọ ọmọ màlúù kan sínú rẹ̀, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ fi hàn wọ́n ọjọ́ tí akọ gun ìyá rẹ̀, akọ tó gùn ún, ọjọ́ tí wọ́n bí i, àwọ̀ rẹ̀, nọ́ńbà etí rẹ̀, títí dé orí àwọn tó bí ìyá àti bàbá rẹ̀. Tí ìwé bá pé, àwọn tó fẹ́ dá agbo sílẹ̀ á ti ọ̀nà jíjìn wá ra ọmọ rẹ̀. Tí kò bá pé, ó di ẹran kárà nìyẹn, alápatà ni yóò mú un lọ.

Ọkàn mi balẹ̀ sídìí iṣẹ́ yìí. Àràárọ̀ ni mo máa ń lọ sóko pẹ̀lú ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan, báírò méjì, àti téèpù aránṣọ tí mo fi ń wọn àyà wọn. Mo máa ń pè wọ́n bí ẹni ń pe kíláàsì, nọ́ńbà kìíní, nọ́ńbà kejì, kò sì sí èyí tó ń dáhùn, àmọ́ mo ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó máàkì.

Ìyá mi nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ lọ́rùn. Ìyá mi ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Gánà ni òun àti bàbá mi ti ń ṣòwò tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sì wà nígbà tí wọ́n ní kí àwọn àlejò máa lọ sílùú wọn, tí wọ́n kó ẹrù wá sí Ìlọ́bù. Nínú ilé tí ó tọ́ mi sí, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Tí ẹ bá bi í pé ọmọ mélòó ló bí, yóò ní ọmọ Ọlọ́run pọ̀. Ọmọ tó bá sì kú, a kì í dárúkọ rẹ̀ mọ́, a kì í kà á mọ́ àwọn tó wà, kó má baà máa pe àwọn tó kù. Nígbà tó gbọ́ pé mo ń ka màlúù láràárọ̀, tí mo tún ń kọ iye wọn sílẹ̀, ó ní ìwé ti kì mí láyà jù. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní tíṣà ni mí, n kò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́.

Irọ́ ni mo pa. Ohun tí ìyá fi tọ́ni kì í tètè kúrò lára.

Abo kan wà lóko mi tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ keje. Lẹ́yìn tó bí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, ó tún lóyún. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó fẹ́ bí i, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọmọ ló kọ́kọ́ jáde, èmi nìkan ni mo sì wà lóko. Bàbá kan gbọ́ igbe abo náà láti inú oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ará Ìfọ́n ni bàbá náà, ó jù mí lọ dáadáa, pèrègún lásán ló wà láàárín oko rẹ̀ àti tèmi. Ó sọ ọkọ́ sílẹ̀, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó kiwọ́ bọ inú màlúù, a sì jọ fa ọmọ náà jáde. Abo ni, ó pupa, kò níké. Ó mí lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dákẹ́. Bàbá náà gbẹ́lẹ̀ nídìí pèrègún níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, èmi náà gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó rẹ̀ ẹ́, a sin ín, ó ní kí n pẹ̀lẹ́. Nígbà tí mo délé, mo ṣí ìwé mi, mo mú báírò, mo wò ó títí, mo sì pa ìwé náà dé.

Nílé ìwé, tí ọmọ bá kú, ìlà pupa la máa ń fà gba orí orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fà á nínú iṣẹ́ mi, n kò sì gbàgbé ọ̀kankan nínú wọn. Mo sọ fún ara mi pé màlúù lèyí, kò sẹ́ni tó máa béèrè rẹ̀.

Nígbà tó yá, nọ́ńbà keje bí akọ. Ẹ gbà mí gbọ́, akọ yẹn dára. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú, itan rẹ̀ kún, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gúnlẹ̀ dáadáa, kì í sì í ṣe oníjàgídíjàgan. Kó tó pé ọmọ ọdún méjì, àwọn ẹgbẹ́ ti gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n ń wá akọ tí wọ́n máa fi bímọ fún agbo àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn, wọ́n sì rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá yẹ tèmi wò. Tó bá wọlé, agbo mi, tí wọ́n ń pè ní ewúrẹ́, ni yóò di orísun akọ fún àwọn ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà dé, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó wo akọ náà yípo, ó wọn àyà rẹ̀, ó ya fọ́tò rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó ti ìwé mi. Ó yìn ín pé irú ìwé báyìí ṣọ̀wọ́n, orí mi wú. Ó ṣí i dé ojú ewé nọ́ńbà keje, ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Mà, ẹ kọ ọ́ pé akọ gùn ún. Ẹ kọ ọ́ pé ó lóyún. Oyún náà ńkọ́?"

Ìwé tí mo kọ dáadáa ló tú mi fó. Mo sọ bó ṣe jẹ́ fún un, pé ọmọ náà kú, pé n kò kọ ọ́. Ó ní òun gbà mí gbọ́, àmọ́ ẹgbẹ́ kò lè fi ìyẹn ṣiṣẹ́. Ó ṣàlàyé pé bí akọ funfun oníké kan bá yọ́ wọ agbo ẹlòmíràn tó gun abo rẹ̀, tí abo náà bí ọmọ oníké, ńṣe ni ẹni náà máa ń tà á ní kọ̀rọ̀, tí kò ní kọ ọ́ sílẹ̀, bí àlàfo tèmi yìí gẹ́lẹ́ ni ìwé rẹ̀ á sì rí. Tí a kò bá lè dí àlàfo náà, akọ mi kò ní wọlé, gbogbo ọmọ tí wọ́n sì bí lóko mi láti ìgbà náà á di ohun ìfura. Ohun kan ṣoṣo ló lè dí i: ẹlẹ́rìí tó rí ọmọ náà, tí kì í ṣe ẹbí mi, tí kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ mi, kó wá buwọ́ lùwé. Ó ní òun máa sùn ní Òṣogbo, òun á padà wá lọ́sàn-án ọjọ́ kejì.

Inú bí mi. Ó kọ́kọ́ bí mi sí ọmọkùnrin náà, kó tó wá bí mi sí ara mi. Èmi tí n kò fi rọ́bà pa nǹkan rẹ́ rí ni wọ́n ń fura sí.

Ẹlẹ́rìí wà, àmọ́ ará Ìfọ́n ni. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlọ́bù àti Ìfọ́n ti pẹ́ ju gbogbo wa lọ. Lẹ́yìn tí a sin ọmọ màlúù yẹn ni ó tún gbóná, ó sì rọlẹ̀ nígbà tó yá, ṣùgbọ́n kíkí ti tán láàárín wa. Bàbá náà ń ro ẹ̀gẹ́ rẹ̀, èmi ń ka màlúù mi, a ń wo ara wa bí ẹni tí kò mọra rí. Ó lé lọ́dún kan tí n kò fi kí àgbàlagbà tó kiwọ́ bọ inú màlúù mi. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Nígbà tí mo délé, mo fi ìkanra ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Mo ní òun ló kọ́ mi pé a kì í ka òkú. Ó jókòó lórí àga rẹ̀, ó ń na ìṣẹ́po ìró rẹ̀ lórí orúnkún.

"Mẹ́sàn-án ni mo bí," ó ní.

N kò gbọ́ ọ rí. Mẹ́rin la jẹ́, mẹ́rin náà ni mo sì mọ̀ láti kékeré.

"Mẹ́ta wà nílẹ̀ Gánà, méjì wà níhìn-ín. Àwọn tó bá mi sin ti Gánà ti kú tán. Bí èmi náà bá lọ, kò sẹ́ni tó máa jẹ́rìí pé mo bí wọn. Ọmọ màlúù tìrẹ ṣì ní ẹlẹ́rìí. Lọ kúnlẹ̀ fún un."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìfọ́n. Àwọn tó mọ̀ mí lójú ọ̀nà ń wò mí, mo sì ń wo iwájú. Mo bá bàbá náà níwájú ilé rẹ̀ níbi tó ti ń gbẹ́ èèkù ọkọ́. Mo kúnlẹ̀ sórí yanrìn, mo kí i, mo kí ilé, mo kí ọ̀nà, mo ní kí ó má bínú. Kò tètè ní kí n dìde, mo sì mọ̀ pé ó tọ́ sí mi. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé abo yẹn ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ le. Mo ní ó ti bí akọ. Ó ní òun mọ̀, òun máa ń wò ó láti ẹ̀yìn pèrègún, ó dára lọ́mọ. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo bá wá tán, ó wọlé, ó dé fìlà, ó ní ká máa lọ.

Ọmọkùnrin ẹgbẹ́ náà kò jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀. Ó ní kí n dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì ń bi bàbá léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan: akọ ni àbí abo, àwọ̀ rẹ̀, iké rẹ̀, ẹsẹ̀ wo ló kọ́kọ́ jáde. Bàbá dáhùn gbogbo rẹ̀ bí èmi náà ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló wá fi kún un pé funfun díẹ̀ wà ní ṣóńṣó ìrù rẹ̀. Èmi kò tilẹ̀ rí ìyẹn lọ́jọ́ náà. Ọmọkùnrin náà dìde, ó lọ sẹ́yìn akọ mi àgbà, bàbá gbogbo agbo, ó gbé ìrù rẹ̀ sókè. Funfun wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Ó padà wá jókòó, ẹ̀rín àná sì ti padà sẹ́nu rẹ̀.

Ó ku ìbéèrè kan lórí fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ tó ń kọ ìdáhùn sí, ibi tí wọ́n sin òkú ẹran sí àti ẹni tó ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ó kà á jáde, ó gbé báírò sókè, ó ń dúró. Mo wo bàbá, bàbá wò mí. Kò sí ìdáhùn kan tí mo lè fẹnu mi sọ níbẹ̀ tí kò ní jẹ́ ìjà, mo sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́kàn tirẹ̀.

"Kọ ọ́ pé ilẹ̀ tí èmi àti Tíṣà jọ gbẹ́," bàbá ní.

Ọmọkùnrin náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá buwọ́ lù ú, díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, ó kọ Ìfọ́n-Ọ̀ṣun sí ibi tí wọ́n ti béèrè ìlú rẹ̀. Èmi náà ṣí ìwé mi, mo kọ ọmọ náà síbi tó yẹ kó ti wà láti ọjọ́ yìí, mo sì ní kí bàbá buwọ́ lu ìyẹn náà.

Kò ju oṣù méjì lọ tí ìwé ẹ̀rí akọ mi fi dé, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ẹgbẹ́. Ó ti wọ ìwé ńlá, òun àti gbogbo àwọn tí wọ́n bí lóko mi. Ìyá mi kò béèrè ìwé ẹ̀rí náà. Ojú ewé nọ́ńbà keje ló ní kí n ka sí òun létí. Mo kà á, ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà.

Àwọn èèyàn ń wá wo akọ náà báyìí, kódà láti Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n wò ó tẹ́rùn. Tí wọ́n bá ṣe tán, màá ṣí ìwé mi sí ojú ewé kan ṣoṣo, ibi tí ará Ìlọ́bù ti kọ ọ́, tí ará Ìfọ́n sì buwọ́ lù ú, pé a bí ọmọ kan, abo, pupa, kò níké, funfun wà ní ṣóńṣó ìrù rẹ̀, ó mí lẹ́ẹ̀mẹta.