Kámẹ́rà Tí A Kò Fẹ́ Rà

Ọmọ tí ọmọ mi obìnrin bí ló wálé lọ́jọ́ kan tó ní iṣẹ́ fíìmù lòun fẹ́ kọ́ nílé ẹ̀kọ́ gíga. Bàbá rẹ̀ pariwo títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Èmi ò pariwo ní tèmi. Mo ní kí ló burú nínú kí èèyàn máa pìtàn? Ohun tí mo ti ń ṣe láti kékeré nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó fún mi ní ìwé ẹ̀rí.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó jáde, wọ́n ní kí oníkálukú wọn lọ ya fíìmù kékeré kan wá, kámẹ́rà ara ẹni ni kí wọ́n sì fi yà á. Olùkọ́ wọn ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá fi fóònù ya tirẹ̀, kó má wulẹ̀ gbé e wá. Ọmọ yìí ní ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lòun máa yà, níbi tó bá ti ń sun ẹkún ìyàwó.

Kí n sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi yìí díẹ̀. Nínú agboolé wa ní Bẹyẹrúnkà, òun nìkan ló kù tó mọ ẹkún ìyàwó ilé wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó wà lọ́mọge, tó bá ń sun ún bọ̀ láti apá Ọjà'ba, àwọn tó ń nájà á dákẹ́ ná, wọ́n á jẹ́ kó kọjá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ti dé. Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá dá, kò ní fo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ míì, á pè mí ní bàbá wa, á ní ṣé mo ti jẹun. Gbogbo wa la mọ̀ pé ohun tí a ò bá gbà lẹ́nu rẹ̀ báyìí, a lè má rí i gbà mọ́ láéláé.

Irun ni ọmọ náà ń dì tó fi kó owó kámẹ́rà jọ, èmi àti ìyá rẹ̀ sì fi díẹ̀ tì í lẹ́yìn. Owó náà kò lè ra tuntun, tòkunbọ̀ la ń wá lọ. Ó ti mọ irú èyí tó fẹ́. Ó ní kékeré ni, ó ń lo mẹ́mọ́rì bíi ti fóònù, ihò tí wọ́n ń ki okùn máíkì bọ̀ sì wà lára rẹ̀, kí ohùn Ìyá Àgbà, bó ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n mi, lè dún ketekete. Ó ń ṣàlàyé, mò ń mi orí. Nínú gbogbo ohun tó sọ, ohùn Ìyá Àgbà nìkan ló yé mi.

A ti dé Mọ́lété kí oòrùn tó mú. Ọkùnrin tó ń ta kámẹ́rà níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nu eruku ara ọjà rẹ̀ ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nílẹ̀.

"Bàbá wa, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀yin lẹ máa ṣí wa lọ́jà lónìí. Ẹsẹ̀ yín á tutù lágbára Ọlọ́run."

"Àmín," mo ní.

Kékeré tí a ń wá wà lórí tábìlì rẹ̀. Mo rí i bí ojú ọmọ náà ṣe tàn, tó sì yára gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó sọ ọ́ sí mi létí pé, "Bàbá, ẹ má wò ó o. Tó bá fi lè mọ̀ pé òun la fẹ́, owó ẹ̀ á lọ sókè. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ná èyí tí mi ò fẹ́."

Inú ọmú ló ti mu ọgbọ́n yẹn. Ìyá rẹ̀ náà kì í ná aṣọ tó wù ú ní Ọjà'ba láìjẹ́ pé ó ti ná méjì tí kò wù ú.

Ó nawọ́ sí gàgàrà kan tí wọ́n ń gbé lé èjìká. Ó ní èló ni. Ọkùnrin náà dá owó gọbọi lé e. Ọmọ náà fi rẹ́rìn-ín, ó wá dárúkọ iye tó mọ̀ pé wọ́n á fi lé òun ni.

Ọkùnrin náà wo kámẹ́rà, ó wò mí, ó tún wo ojú ọ̀run.

"Nítorí àkọ́tà, àti nítorí bàbá yìí. Ó gbà. Ẹ mú u."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà wa, ẹ mọ ohun tí "ó gbà" jẹ́. Kí ọlọ́jà tó sọ ọ́, o lè máa lọ. Tó bá ti sọ ọ́, ọjà ti di tìrẹ, pàápàá láàárọ̀, pàápàá tó bá jẹ́ ìwọ ni àkọ́tà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ọmọ náà ní, "mò ń béèrè lásán ni."

"Béèrè kẹ̀? Àǹtí, o ò béèrè, o ná an ni. Ọ̀tọ̀ ni ká béèrè, ọ̀tọ̀ ni ká ná ọjà."

Ìyá kan tó ń ta rédíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó! Ó dárúkọ owó, wọ́n gbà fún un, ó wá ń wò bí ẹni tí wọ́n jí bàtà rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí!"

"Bàbá," ọkùnrin náà kọjú sí mi, "ẹ̀yin náà ẹ bá mi dá sí i. Ṣé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é ní Ìbàdàn?"

Kí ni kí n sọ? Ṣé kí n ní a wá tàn án ni? Nídìí òwò ni ìyá tó bí mi ti jẹun títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọmọ náà ń wò mí bí ẹni tó bọ́ sódò tó ń wo ẹni tó dúró sí bèbè. Ìyókù owó náà kò lè ra kékeré mọ́. Ó sanwó.

Ìgbà tó gbé e tán ló béèrè ohun tí kámẹ́rà náà fi ń gba àwòrán sílẹ̀. Ọkùnrin náà ní kásẹ́ẹ̀tì kékeré báyìí ni, ṣùgbọ́n òun ò ní. Ó ní ká wo apá Bẹẹrẹ.

A wá a dé Bẹẹrẹ. A délé ayàwòrán àtijọ́ kan tó ti máa ń ya ìgbéyàwó nígbà kan rí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá, kásẹ́ẹ̀tì wo? Mo ti fa ìfun gbogbo wọn jáde, mo ta á káàkiri oko mi, òun ló ń bá mi lé ẹyẹ."

Mo dá padà lọ sí Mọ́lété. Mo bẹ ọkùnrin yẹn gidigidi pé kó gba kámẹ́rà rẹ̀, kó dá owó wa padà. Ó tún dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó tún ṣàdúrà fún mi, ó ní òun ti fi owó náà ra ọjà mìíràn. Bó ṣe ń bọ̀wọ̀ fún mi tó, bẹ́ẹ̀ ni kò fún mi ní nǹkan kan.

Ọjọ́ Sátidé tí a ti bá ẹ̀gbọ́n mi sọ pé a máa yà á wá pé. Ọmọ náà ní òun máa lọ sọ fún un pé kò ní ṣeé ṣe. Mo bá a lọ. Ká tó dé yàrá rẹ̀, ó ti jókòó síta. Wọ́n ti lé làálì fún un, ó ti lé tìróò, ó ró aṣọ òkè tí mi ò rí lára rẹ̀ láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Bí ó ṣe rí mi, orúkọ mi gan-an ló pè mí, kò pè mí ní bàbá wa.

"Mo ti rántí gbogbo ẹ̀," ó ní. "Láti àná ló ti ń bọ̀ wá. Ẹ tètè ṣe é kó tó lọ."

Àwọn ọmọ ilé na fóònù sókè láti yà á. Ó jágbe mọ́ wọn. "Ẹ gbé ẹ̀gbin yẹn kúrò lójú mi! Ṣé ẹ ò rí kámẹ́rà gidi ni?" Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sápò.

Ọmọ náà wò mí. Lẹ́yìn náà ló gbé gàgàrà náà lé èjìká, ó tẹ ohun kan, iná pupa kékeré kan sì tàn níwájú rẹ̀, nítorí bátìrì rẹ̀ kò kú, kásẹ́ẹ̀tì ni kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀.

Kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ó dágbére fún bàbá wa, ó dágbére fún ìyá wa, ó ki ilé wa dé ibi tí èmi alára ò gbọ́ rí láyé mi. Ọmọ náà ń sunkún lẹ́yìn kámẹ́rà, èjìká rẹ̀ ń mì. Àwọn obìnrin ilé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyàwó ojú ọ̀nà, ẹkún tìrẹ náà ti dé nù un!"

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi parí, ó fi etí gèlè nu ojú.

"Ṣé ó wọlé?"

Ó na ọwọ́ rẹ̀ tó pọ́n fún làálì sí ọmọ náà.

"Ó yá, gbé e wá. Yí i padà sẹ́yìn kí n wo ara mi."

Ọmọ náà yíjú sí mi. Èmi tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu mi nínú agboolé yìí, mo wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, mi ò rí i.