Ọ̀gá Ló Lọ Kọ́ Ẹ̀kọ́ Tí Àǹtí Ṣọ́ọ̀kì Ń Bẹ̀bẹ̀ Fún

Àǹtí Ṣọ́ọ̀kì, tíṣà kíláàsì kejì, ti kú. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó dáa, a ti gbọ́. Ta ló ń ru ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún sókè?

Ọmọbìnrin adití kan wà ní kíláàsì rẹ̀ láti ọdún mélòó kan, torí kò sí tíṣà mìíràn tó lè kọ́ ọ. Nítorí ọmọ yìí ni Àǹtí ṣe ń bẹ ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ lọ́dọọdún pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ bá adití sọ̀rọ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń gbà, wọ́n á sì rán ọ̀gá ọ́fíìsì lọ. Àbí tíṣà lẹ rò pé ó yẹ kó lọ? Ta ni yóò wá jẹ bísíkíìtì tí wọ́n ń pín níbẹ̀?

Bí ọ̀gá bá ti dé, Àǹtí á sáré lọ bá a.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Kí ni wọ́n kọ́ yín?"

"Háà, Àǹtí, ẹ̀kọ́ ńlá ni o! Ẹ wo báàgì tí wọ́n fún wa."

Báàgì náà dára, mi ò ní purọ́.

Ni Àǹtí àti ọmọ náà bá ṣẹ̀dá èdè tiwọn. Ewúrẹ́: ìka méjì lórí bí ìwo. Ìṣirò: kí wọ́n họ orí. Ọ̀gá ọ́fíìsì ńkọ́? Wọ́n á gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á dijú, wọ́n á la ẹnu sílẹ̀. Gbogbo kíláàsì ló mọ ìyẹn sọ. Àárò obìnrin yìí ń sọ mí gan-an.

Ọ̀gá gbé òdòdó wá síbi ìsìnkú. Ó húkọ́, ó ní inú òun dùn láti kéde pé lọ́dún yìí, Àǹtí gan-an ni wọ́n mú fún ẹ̀kọ́ náà.

"Ṣé ká gbé e jáde fún yín ni?" Ọkọ olóògbé ló bi í bẹ́ẹ̀.

Ni ọmọ náà bá dìde. Ó nawọ́ sí pósí, ó ṣe bí ẹni tó ń kọ̀wé sára pátákó, ó fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀, ó wá tẹ́wọ́ méjèèjì. Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ pàápàá mọ ohun tó ń bèèrè: ta ni yóò máa kọ́ òun báyìí? Ọ̀gá tó gba ìwé-ẹ̀rí léraléra rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì juwọ́ sí i.

"Báì-báì!"

"Ọ̀gá, ọmọ ò lọ síbì kankan," ni ọkọ olóògbé wí. "Ìbéèrè ló bi yín."

Ọ̀gá, ẹ gbé òdòdó yín padà. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ wá dúró níwájú kíláàsì yẹn, kí ẹ ṣe ohun tí ẹ lọ kọ́ lójú gbogbo wa. Tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ fi àga sílẹ̀, kí wọ́n sì rán tíṣà tuntun lọ kọ́ èdè ọwọ́ náà kíákíá. Ọmọ náà ṣì tẹ́wọ́. Ẹ dá a lóhùn.