Ọlọ́pàá Tó Pe Ìyá Mi Lẹ́rìí

Láyé ìjọba ológun, tí ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá máa ń fi ìgbátí bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, sájẹ́ǹtì kan wà ní Ilé-Ifẹ̀ tó máa ń ṣí fìlà kó tó wọlé onílé. Ó máa ń ní, "Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í rántí nǹkan dáadáa."

Ọkọ̀ kan gbá ọmọ ilé-ìwé níwájú ṣọ́ọ̀bù tí ìyá mi ti ń ránṣọ l'Énuwà, ó sì sá lọ. Onítakisí kan tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ni wọ́n tì mọ́lé. Ọmọ onílé wa ni ìyá mi rí tó ń wa ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí sájẹ́ǹtì yìí wá bi í, ìyá mi ní òun ò rí nǹkan kan, kí onílé má baà lé wa jáde.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni sájẹ́ǹtì wá. Kò jágbe rí. Nígbà kẹta, ó ní, "Màmá, mi ò lè fipá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín. Adájọ́ ni màá ní kó fi sàmáǹsì pè yín. Tẹ́ ẹ bá kọ̀, wọ́n á fi wàráǹtì mú yín. Tẹ́ ẹ bá búra, tẹ́ ẹ tún parọ́, ẹ̀wọ̀n ni. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ tètè mọ̀ ni."

Sàmáǹsì náà dé lóòótọ́. Ìyá mi lọ sí kóòtù, ó sọ gbogbo ohun tó rí, wọ́n sì tú onítakisí sílẹ̀.

Onílé lé wa. Lọ́jọ́ tá à ń kó jáde, sájẹ́ǹtì wọ aṣọ ilé wá. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì ìyá mi rù, ó sì ṣíwájú wa títí dé ilé tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ní Ìlódè.